Bernard Pietenpol: Ẹni Tó Fi Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Gbé Bàálù Fò

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pé ìtàn ẹni tó ṣe bàálù ni mo fẹ́ kọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó kàn mí, ẹ ó sì rí bó ṣe kàn mí kí n tó dákẹ́. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo fẹ́ fi gboyè. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni mo ń kó jọ. N kò fẹ́ dà bí ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì lọ́dọ̀ wọn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé orúkọ Bernard Pietenpol.

Ẹni tí kò bá sí láàrin àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù lè má gbọ́ orúkọ yìí rí. Láàrin wọn ṣá, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni. Ó ti kú láti ọdún 1984, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń kan bàálù tó gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 95 sẹ́yìn. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ọdún 1901 ni wọ́n bí i. Nígbà tí àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbé bàálù wọn fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1903, Bernard kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde ní 1908, ó ti di ọmọ tó lè dúró kí ó máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ọkọ̀ yìí pọ̀ bí eṣú. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 15 kí wọ́n tó dá a dúró ní 1927. Nítorí náà, kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò fi di ohun tí àgbẹ̀ abúlé pàápàá ní Amẹ́ríkà ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́.

Cherry Grove, abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni Pietenpol gbé, ibẹ̀ náà ló ti ṣiṣẹ́. Agbègbè àwọn àgbẹ̀ ni. Kò ka ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ojú àti ọwọ́ ló fi kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì: ó ń tú u, ó ń tò ó, ó ń wo ohun tó bàjẹ́ títí yóò fi mọ ìdí tó fi bàjẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó fẹ́ fò, kò sì ní owó tí ó lè fi ra bàálù.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà fi le?

Ẹni tí kò tíì wo inú ẹ́ńjìnnì rí lè rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì ṣáà ni ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yọ ọ́ lára mọ́tò kí wọ́n gbé e síwájú bàálù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Èkíní, mọ́tò tó ń lọ lójú títì kì í lo gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Awakọ̀ á tẹ iná díẹ̀, á sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ á máa lọ fúnra rẹ̀. Bàálù kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára ló máa fi dìde nílẹ̀, bó bá sì ti dé òkè tán, púpọ̀ nínú agbára náà ni yóò ṣì máa lò títí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kó wá máa ru ẹrù láìsọ̀.

Èkejì ni ìwúwo. Lójú títì, bí ẹ́ńjìnnì bá wúwo díẹ̀ sí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Lójú òfurufú, ohun tí ẹ́ńjìnnì bá fi wúwo jù, inú ẹrù tí bàálù lè gbé ni yóò ti yọ, ó sì lè jẹ́ ẹni kejì ni yóò bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù. Irin gbọọrọ kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní crankshaft, òun ló ń yí. Nínú mọ́tò, yíyí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn lórí, abẹ̀bẹ̀ náà á tún máa fà á síwájú ní gbogbo ìgbà, béárínì tó gbé e dúró sì lè má gba irú fífà bẹ́ẹ̀. Bákan náà, abẹ̀bẹ̀ gígùn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí kò bá yára jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò kì í mú agbára wá àfi bó bá yára gan-an.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí gbogbo wa mọ̀. Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, a ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sí ẹ̀gbẹ́ títì lójú òfurufú.

Abájọ tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀ràn ìgbà náà fi ń sọ pé kí àwọn ènìyàn jìnnà sí ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dìídì ṣe fún bàálù wọ́n lówó. Àwọn kan wà tó ṣẹ́kù láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n bàálù ńlá ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó fẹ́ bàálù kékeré, tó sì jẹ́ pé owó mẹ́káníìkì abúlé ló ní, kò rí ibi gbé e gbà.

Ó kùnà, ó tún ṣe é

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1920 sí 1930, Pietenpol kan bàálù, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì Model T sí i. Agbára ẹṣin 20 péré ni ẹ́ńjìnnì yẹn ní. Kò tó. Ó dán àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn wò lẹ́yìn ìyẹn, títí kan èyí tí wọ́n ṣe fún bàálù, síbẹ̀ kò rí ohun tó ń wá. Ọdún ń gorí ọdún. Bí a bá ń sọ ìtàn irú wọn, a máa ń sáré kọjá ní ibi yìí, bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jí tí ọgbọ́n sì dé. Ọdún bíi mélòó kan ni ọkùnrin yìí fi ń kan ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní òpin ọdún 1927, Ford gbé ọkọ̀ tuntun jáde láti rọ́pò Model T. Model A ni wọ́n pè é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin, omi ló ń mú un tutù, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 40, ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Ohun tí Pietenpol rí lára rẹ̀ ju iye agbára lọ. Ẹ́ńjìnnì yìí kò nílò eré àsápajúdé kó tó mú agbára wá. Kò ju 2,200 lọ tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí agbára rẹ̀ bá dé góńgó. Èyí túmọ̀ sí pé abẹ̀bẹ̀ lè so mọ́ ọn tààrà, láìsí gíà kankan láàrin wọn tí yóò dá kún ìwúwo.

Ní nǹkan bí 1928 sí 1929, bàálù tó gbé ẹ́ńjìnnì yìí sí fò. Air Camper ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Ó yọ gíà kúrò. Ó yí ẹ́ńjìnnì padà, ó fi ìdí rẹ̀ síwájú, apá ibi tí gíà máa ń wà nínú mọ́tò, ó sì de abẹ̀bẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Iná tí ń tan epo inú mọ́tò, ara bátìrì ló ti ń wá. Ó fi magneto rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú iná tirẹ̀ jáde bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí, kí ó má baà sí bátìrì tó ń wúwo lásán. Ó gbé ràdíétọ̀ dúró sókè ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, lọ́gangan iwájú ẹni tó jókòó. Ẹni tó bá ń wà á gbọ́dọ̀ máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràdíétọ̀ kó tó rí ọ̀nà. Kò dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ìyókù ẹ́ńjìnnì náà, púpọ̀ jù lọ, bí Ford ṣe ṣe é ló fi sílẹ̀.

Pákó ni ara bàálù náà, pákó spruce àti plywood, aṣọ ni wọ́n sì fi bò ó. Ó gùn díẹ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ìyẹ́ rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 29 láti ìkángun kan dé èkejì. Ìyẹ́ náà wà lókè orí àwọn tó jókòó bí agboòrùn. Àyè ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà níwọ̀nba, tó sì ní ẹni tí yóò bá a jó irin díẹ̀ pọ̀, lè kan án.

Ọ̀rọ̀ òun àti olóòtú

Ìwé ìròyìn kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Modern Mechanics. Ìtòsí ìlú Minneapolis, ní Minnesota kan náà, ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Robbinsdale. Weston Farmer ni olóòtú rẹ̀. Farmer kọ ọ́ síta pé ẹ́ńjìnnì mọ́tò kò lè gbé bàálù fò bó ṣe yẹ. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o. Gbogbo ìdí tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó dán an wò ló sì ti kùnà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Pietenpol. Ìdáhùn rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ṣì ń rántí kì í ṣe ti orí ìwé. Ní 1930, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Donald Finke gbéra ní Cherry Grove pẹ̀lú bàálù méjì, ẹ́ńjìnnì Ford lára méjèèjì, wọ́n sì fò lọ bá olóòtú náà. Ìrìn náà tó nǹkan bí 100 máìlì. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láyọ̀.

Bí bàálù kan ṣoṣo bá dé, ẹnìkan lè sọ pé oríire lásán ni. Méjì ni wọ́n gbé wá.

Ìwà tí Farmer hù lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo àwa tó ń kọ̀wé sí ojú ìwé yìí fiyè sí. Ó ti kọ ọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé ti kà á. Ó lè fi ojú kékeré wo àwọn ará oko méjì yìí, kí ó ní bàálù wọn kò tó nǹkan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó gbà pé òun ṣì í, ó sì ní kí Pietenpol jẹ́ kí àwọn òǹkàwé òun rí bí wọ́n ṣe lè kan irú bàálù náà. Olóòtú tó jẹ́ kí òtítọ́ borí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tó fà á sórí ìwé

Níbi yìí ni ìtàn náà ti gbá mi mú. Ọwọ́ Pietenpol mọ bàálù náà, orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ bá wà lọ́wọ́ àti lórí, kò tíì di ohun tí àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè rí lò. Wọ́n nílò pìláànù: àwòrán gbogbo ẹ̀yà, ìwọ̀n gbogbo pákó, ibi tí ìṣó yóò wọlé àti ibi tí àtè yóò ti dì í mú. Ọ̀rẹ́ Pietenpol kan, Orrin Hoopman, ló jókòó ti iṣẹ́ náà. Òun ló wọn bàálù náà, tó sì fi ọwọ́ rẹ̀ ya pìláànù Air Camper.

Pìláànù yìí jáde nínú ìwé Flying and Glider Manual ti 1932, tí iléeṣẹ́ Modern Mechanics tẹ̀. Ẹ rántí irú àkókò tó jẹ́. Láti 1929 ni ọ̀dá owó ti mú Amẹ́ríkà. Báńkì ń wó, àgbẹ̀ ń pàdánù ilẹ̀. Àárín irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan dé, tó ń sọ fún ẹni tó ní ayùn, òòlù àti ẹ́ńjìnnì mọ́tò àlòkù pé òun náà lè fò, tó sì ń fi bó ṣe máa ṣe é hàn án ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ́ńjìnnì Model A ṣì wọ́n fún àwọn kan. Nítorí irú wọn, Pietenpol tún ṣe bàálù kékeré mìíràn, Sky Scout, tó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì Model T àtijọ́ ló gbé sí i, èyí tó wà káàkiri nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ já a kulẹ̀ ló padà lọ bá, ó wá dín bàálù kù títí agbára ẹṣin 20 fi tó o.

Títí dé òpin

Pietenpol kò fi Cherry Grove sílẹ̀ lọ di olówó ìlú ńlá. Abúlé rẹ̀ ló gbé, ó ń tún ọkọ̀ ṣe, nígbà tó yá ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó sì ń kan bàálù. Kò tilẹ̀ sọ ẹ́ńjìnnì Ford di òrìṣà. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ọkọ̀ Chevrolet Corvair dé, tí afẹ́fẹ́ ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù dípò omi, tí sílíńdà rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà, ó rí i pé kò ní sí ràdíétọ̀ mọ́, kò ní sí omi tí yóò máa gbé kiri. Ó gbé e sí Air Camper, ó sì fò. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Àwọn mìíràn tó ń kan Air Camper yàn láti lo ẹ́ńjìnnì Continental, tó jẹ́ ti bàálù gan-an, bàálù náà sì gbà á.

Ọdún 1984 ni ó kú. Ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ilé ìṣẹ́ rẹ̀ ní Cherry Grove mọ́ àwọn ibi tí wọ́n kà sí ibi ìtàn. Ọ̀kan nínú ilé tó ń kó bàálù sí, wọ́n tú u, wọ́n sì lọ tún un tò ní Oshkosh, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan bàálù fúnra wọn, EAA, ti ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ tó tóbi jù ni pé, ní inú gáréèjì ẹnìkan níbì kan lónìí, pákó spruce wà lórí tábìlì, pìláànù tí Hoopman yà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tó kàn wá

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì mi. Bàbá àgbàlagbà kan wà láàrin wọn tí mo máa ń lọ jókòó tì. Bí wọ́n bá fi etí sí ẹ́ńjìnnì, wọn yóò sọ ohun tó ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìbòrí rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ fún oríṣiríṣi ariwo tí ẹ́ńjìnnì ń pa, orúkọ tí n kò rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé ta ni yóò ka gbogbo ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí. N kò rí èsì gidi fọ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ iṣẹ́ ti dínkù, ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ àwọn báyìí, òun náà sì ń múra àtirin ìrìn-àjò.

Bí mo bá tún lọ, mo mọ ohun tí máa sọ fún wọn. Màá sọ fún wọn nípa mẹ́káníìkì abúlé kan tí ìmọ̀ rẹ̀ ì bá bá a wọ ilẹ̀, àfi bí olóòtú kan ṣe gbà pé òun ṣì í, tí ọ̀rẹ́ kan sì jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti rúlà. Mo ti ń rò ó pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, bí a kò tilẹ̀ ní kan bàálù láé, a lè ṣe iṣẹ́ Hoopman. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wà láàyè. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ní ìtòsí ẹnu ọ̀nà ọgbà wa gan-an. Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orí-ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lé lórí, ẹ gbé ìwé àti bírò, kí ẹ lọ bá wọn jókòó.